KÍ Á TÓ ṢE ÀDÚÀ ÌRÌN-ÀJÒ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ fún ẹ̀dá láti máa rìn, tó sì fi arísìkí olúkúlùkù sí ibi tó wù Ú. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá aṣíwájú wa, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a óò fẹnu ba méjèèjì. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Ààfáà, kí ló kan kéú nínú bọ́ọ̀lù?" Ẹ ní sùúrù fún wa. Ohun tó bá ń mú ọmọ Mùsùlùmí kúrò nílé ìyá rẹ̀, tó ń mú kí àwọn òbí ta ilẹ̀, tó ń mú kí wọ́n jẹ gbèsè, ó kan kéú, ó kan mọ́sáláásí, ó sì kan àwa tí a ń ṣe wáàsí.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá

Ẹni tó bá ń gbé Malu Road mọ bí àdúgbò wa ti rí. Lápá kan, Apápá ni, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù. Lápá kejì, Ajégúnlẹ̀ ni, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ru ẹrù náà ti ń sùn. Àárín méjèèjì ni àwa wà. Bí àwọn ọmọ wa bá jí láàárọ̀, kọ̀ǹténà tó ti òkè òkun dé ni wọ́n ń rí, òun náà ni wọ́n ń rí tó ń padà lọ. Kò yani lẹ́nu bí ọkàn wọn bá ń bá ọkọ̀ lọ. Ìtumọ̀ orúkọ Ajégúnlẹ̀ kò fara sin: ibi tí ajé ti gúnlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ló gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ajé kò gúnlẹ̀ síbẹ̀ o, pé ńṣe ló kàn ń gba ibẹ̀ kọjá lórí tírélà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ kan wà ní ilé-kéú wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti ka Alùkùráánì dé ìdajì. Ohùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ dára ju ohùn rẹ̀ lọ bó bá dórí pápá. Ọkùnrin kan wá bá bàbá rẹ̀, ó ní ẹ́jẹ́ǹtì àwọn agbábọ́ọ̀lù ni òun, pé òun ti bá ẹgbẹ́ kan sọ̀rọ̀ lókè òkun. Ó ní kí wọ́n mú owó físà wá, kí wọ́n mú owó ọkọ̀ òfuurufú wá, kí wọ́n mú owó ilé tí ọmọ yóò gbé wá. Bàbá ọmọ ta ọkọ̀ dáńfó tó fi ń jẹun. Lọ́jọ́ tí ọmọ fẹ́ gbéra, wọ́n ránṣẹ́ pè wá. A ka Yáásíìn, a ṣe àdúà, a jẹ mọ́sà sàráà, a gba owó àdúà, a sì darí sílé.

Ọmọ náà kò dé òkè òkun. Kútọnu ló dé. Ọkùnrin náà kó òun àti àwọn ọmọ mẹ́fà mìíràn sí ilé kan níbẹ̀, ó ní òun ń lọ gba ìwé wọn bọ̀, wọn kò sì rí i mọ́ títí di òní. Ó lé ní oṣù mẹ́ta kí ọmọ yìí tó rí ọ̀nà padà sílé. Láti ọjọ́ náà, kò wá sí ilé-kéú mọ́. Nígbà tí a pàdé rẹ̀ ní Bọ́ńdárì, ó dọ̀bálẹ̀ kí wa dáadáa, ó sì bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní, "Ààfáà, lọ́jọ́ tí ẹ ṣàdúà fún mi yẹn, ṣé ẹ rí ìwé kankan lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá yẹn?"

Ẹ̀yin ará, a kò rí ìwé kankan. A kò tilẹ̀ béèrè. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ìwé, tí a mọ ohun tí Ọlọ́hun sọ nípa ìwé, a la ẹnu ṣe àmín sí ohun tí a kò wádìí. Ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti ẹ́jẹ́ǹtì nìkan. Tiwa ń bẹ níbẹ̀.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ìyá kan tún wá bá wa lẹ́yìn ìrun alásárì. Ẹja yíyan ló ń tà ní ọjà Bọ́ńdárì, ọkọ rẹ̀ sì ti jẹ́ ìpè Ọlọ́hun. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ga fíofío bí igi àgbọn, ó sì mọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, gbá gan-an. Ó ní ẹ́jẹ́ǹtì kan ti rí ọmọ náà, pé yóò mú un lọ sí òkè òkun, àti pé òun fẹ́ ta pulọ́ọ̀tì kan tí bàbá ọmọ fi sílẹ̀ ní ọ̀nà Badagry láti fi san owó tí wọ́n béèrè. Ó ní, "Ààfáà, àdúà ni mo wá gbà." A ní, "Àlàájà, ẹ jókòó ná."

Ohun tí a bá ìyá yìí sọ ni a fẹ́ bá gbogbo yín sọ.

Ẹni tí ọmọ rò pé òun yóò jọ, àti ẹni tí yóò jọ

Ohun tí a kọ́kọ́ sọ ni pé kí ìyá mọ irú iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń lépa. Bí ọmọ wa bá ní òun fẹ́ lọ gbá básíkẹ́ẹ̀tì lókè òkun, Hakeem Olajuwon nìkan ló ń rí lójú àlá. Hakeem jẹ́ ẹni ńlá, a óò sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún Hakeem kan, ọ̀pọ̀ ló wà tó jẹ́ pé ìlú dé ìlú ni wọ́n fi ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, Olumide Oyedeji.

Ìbàdàn ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1981. Ní 1998, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, ó wà ní Jámánì, ó ń gbá fún ẹgbẹ́ kan ní ìlú Würzburg. Ní ọdún 2000, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ líìgì NBA ti Amẹ́ríkà ń ṣa àwọn ọmọ tuntun, ẹgbẹ́ Seattle SuperSonics mú un. Ẹni kejìlélógójì ni. Ẹ fọkàn sí i: wọ́n ti pe orúkọ ènìyàn mọ́kànlélógójì kí wọ́n tó pe tirẹ̀. Ó lo sáà méjì ní Seattle, ó lo sáà kan ní Orlando, nígbà tó sì di 2003, NBA ti parí fún un. Kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ.

Ká ní ọmọ àdúgbò wa ni, ẹ mọ ohun tí àwọn ènìyàn ìbá sọ. Wọn ìbá ní ayé ti bá a jà. Wọn ìbá ní kí wọ́n lọ wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ńṣe ni ọkùnrin yìí di ẹrù rẹ̀. Ó lọ sí Kòríà ti Gúúsù, níbi tí òun àti ẹgbẹ́ Seoul Samsung Thunders ti gba ife-ẹ̀yẹ líìgì ní ọdún 2006. Ó lọ sí Ṣáínà, ó ti inú ẹgbẹ́ kan bọ́ sínú òmíràn. Ọdún ń gorí ọdún, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní 2012, nígbà tí àwọn ọkùnrin Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní ìdíje Olímpíìkì, ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ni balógun wọn. Wọ́n fi àmì ayò 60 sí 56 na Tùnísíà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Amẹ́ríkà fi 156 sí 73 na àwọn náà. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ayọ̀ àti ìtìjú wọlé. Bí iṣẹ́ náà ti rí nìyẹn.

Ẹ sì wo irú iṣẹ́ tó ń ṣe lórí pápá. Kì í ṣe jíju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń wá. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ni kí ó fò mú bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn jù tí kò wọlé, èyí tó bá gbá irin tó ta padà. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló fi ń jẹun. Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, kì í ṣe gbogbo wa ni Ọlọ́hun dá láti jù ú sáwọ̀n. Ẹni tó mọ ipò tirẹ̀, tó sì ń ṣe é tọkàntọkàn, kò ní kú sóko ebi.

A tún ṣàlàyé fún ìyá yìí pé iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba tó ní owó ìfẹ̀yìntì. Àdéhùn sáà kan ni wọ́n sábà máa ń fún àlejò, bí ó bá sì ṣe díẹ̀ tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn yóò mú àlejò mìíràn rọ́pò rẹ̀. Bí orúnkún bá yẹ̀, iṣẹ́ lè bọ́. Ẹgbẹ́ mìíràn a sì jẹ gbèsè owó oṣù. Ẹjọ́ owó tí wọn kò san yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, FIBA, fi dá ilé ẹjọ́ ìlàjà kan sílẹ̀ ní ọdún 2007, ní ìlú Geneva, fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, àwọn ẹ́jẹ́ǹtì àti àwọn ẹgbẹ́. Bí o bá dé iwájú wọn, kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ bí o ṣe ga tó. Ìwé àdéhùn rẹ ni wọn yóò béèrè.

Ọmọ àdúgbò tiwa

Bí ẹ bá ní Ìbàdàn jìnnà, tàbí pé ẹni tó ga ló ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Odion Ighalo, agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, Ajégúnlẹ̀ níbí ló gbé dàgbà. Wọ́n bí i ní 1989. Láti ẹgbẹ́ Prime àti Julius Berger ní Èkó ló ti lọ sí Lyn ní ìlú Oslo, ní Norway, ní 2007. Ní 2008, Udinese ti Ítálì rà á, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n ń yá a fún àwọn ẹlòmíràn lò: Granada ní Sípéènì, Cesena ní Ítálì. Ní 2014 ó dé Watford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbá góòlù ogún wọlé nínú líìgì ní sáà àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ náà sì gòkè lọ sí líìgì àgbà. Ní 2017 ó kọjá sí Ṣáínà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, Manchester United yá a lò, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àgbà wọn. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ Sáúdí ló kọrí sí: Al Shabab, Al Hilal, Al Wehda. Ní sáà 2021 sí 2022, góòlù mẹ́rìnlélógún ló gbá wọlé nínú líìgì Sáúdí, kò sì sí ẹni tó gbá ju tirẹ̀ lọ.

Ẹ bá wa kà á: Norway, Ítálì, Sípéènì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ṣáínà, Sáúdí. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, a kò sì ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́hun. Ọmọ Kristẹni láti Ajégúnlẹ̀, arísìkí rẹ̀ lọ gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ tí àwa ń kọjú sí nígbà ìrun márùn-ún. Ta ló lè sọ fún un bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyẹ̀pẹ̀ àdúgbò? Nínú Súúrà Luqmaan, Ọlọ́hun jẹ́ kó yé wa pé ẹ̀mí kankan kò mọ ohun tí yóò rí ṣe lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ilẹ̀ tí ikú yóò bá a.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kó dójú ti àwa tí a ń ka Súúrà Maa'uun. Ní ọdún 2017, Ighalo ṣí ilé kan fún àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Èkó. Súúrà náà kìlọ̀ fún ẹni tó ń lé ọmọ òrukàn dànù. Àwa ni a há a sórí, ẹlòmíràn ló kọ́ ilé.

Ẹni tó gbé ẹ̀sìn rẹ̀ dání

Nísinsìnyí, kí á padà sọ́dọ̀ Hakeem. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1963. Símẹ́ǹtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà. Ní ilé ẹ̀kọ́ Muslim Teachers College ní Èkó, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù ló kọ́kọ́ ń gbá. Ó ti ń di gìrìpá ọ̀dọ́ kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Ní 1980 ó lọ sí yunifásítì ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ilé ìwé ló bá lọ. Ní 1984, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nínú gbogbo àwọn tí NBA ṣà lọ́dún náà. Ní 1994 àti 1995, ẹgbẹ́ rẹ̀, Houston Rockets, gba ife-ẹ̀yẹ.

Ṣùgbọ́n èyí tó kàn wá jù ni ti Ràmàdáánì ọdún 1995. Oṣù kejì ọdún ni ààwẹ̀ bọ́ sí, nígbà tí ìdíje gbóná janjan. Hakeem gba ààwẹ̀, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí oṣù náà parí, òun ni NBA dárúkọ gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jùlọ ní oṣù náà. A kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́hun fún arìnrìn-àjò ní àyè láti jẹ, kí ó san án padà ní ọjọ́ mìíràn, Ó sì fún un ní àyè láti gé ìrun kúrú. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ọmọ wa má ṣe sọ fún wa pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè ṣe ẹ̀sìn ní ibi tí òun ń lọ. Bí ẹ̀sìn bá ti wà nínú àpò ẹrù rẹ láti ilé, wàá bá a níbẹ̀ nígbà tí o bá tú u.

Ní 1994 kan náà, ó ra ilé ńlá kan tó jẹ́ ilé ìfowópamọ́ tẹ́lẹ̀ ní àárín ìlú Houston, ilé tí wọ́n ti kọ́ láti 1928. Ní 2002, ilé náà di ibùdó ìpèpè sí ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Lẹ́yìn sáà mẹ́tàdínlógún ní Houston, òun náà di ẹrù lọ sí Toronto ní 2001, ó gbá sáà kan ṣoṣo níbẹ̀, ó sì fẹ̀yìn tì. Kò sí ẹni tí kì í ṣe arìnrìn-àjò. Ibn Umar, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ló gbà á wá pé Ànábì di òun ní èjìká mú, ó sì gba òun ní ìmọ̀ràn pé kí òun máa gbé ayé bí àlejò tàbí bí ẹni tó ń kọjá lọ. Ẹni tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn pẹ̀lú àpò ẹrù lọ́wọ́, ó yẹ kí ìmọ̀ràn yìí tètè yé e ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ohun mẹ́rin tí a sọ fún ìyá náà

Èkínní, arísìkí kò ní ìlú kan pàtó. Nínú Súúrà Huud, Ọlọ́hun fi dá wa lójú pé kò sí ohun tó ń rìn lórí ilẹ̀ tí jíjẹ mímu rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ Òun. Nínú Súúrà Mulk, Ó ní kí á máa rìn lórí ilẹ̀, kí á sì máa jẹ nínú ohun tí Òun pèsè. Ìrìn-àjò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn Kùràéṣì ń rìn ní ìgbà òtútù, wọ́n ń rìn ní ìgbà ooru, Ọlọ́hun kò sì bá wọn wí nítorí ìrìn. Ohun tó béèrè lọ́wọ́ wọn ni kí wọ́n má gbàgbé láti sin Olúwa Ilé náà. Bẹ́ẹ̀ ni Ànábì fi ẹyẹ ṣe àpẹẹrẹ ẹni tó gbára lé Ọlọ́hun: ó ń jáde láàárọ̀ pẹ̀lú ebi, ó ń padà nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú àyókún. Ẹ rí i pé ẹyẹ náà jáde. Ẹ tún rí i pé ó padà wálé.

Èkejì, ìwé. Ààyá tó gùn jùlọ nínú Alùkùráánì, nínú Súúrà Baqarah, kì í ṣe ti ìrun, kì í ṣe ti ààwẹ̀, kì í ṣe ti ogun. Ti gbèsè àti àkọsílẹ̀ ni: kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú òdodo, kí á sì pe ẹlẹ́rìí. Kí ló dé tí Ọlọ́hun fi fún ọ̀rọ̀ yìí ní àyè tó bẹ́ẹ̀? Nítorí Ó mọ̀ wá. Nítorí náà, Àlàájà, ẹ béèrè. Ẹgbẹ́ wo ló fẹ́ ọmọ yín? Níbo ni lẹ́tà wọn wà? Ṣé orúkọ ọmọ ló wà lórí àdéhùn, tàbí orúkọ ẹ́jẹ́ǹtì? Ṣé ẹ́jẹ́ǹtì náà ní ìwé àṣẹ FIBA? Ẹ́jẹ́ǹtì olóòótọ́, nínú owó tí ọmọ bá rí gbà níbi iṣẹ́ ni tirẹ̀ ti ń jáde. Kì í wá gba owó ẹja yíyan lọ́wọ́ opó kí iṣẹ́ tó dé. Kí ẹ sì mọ̀ pé, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba ìdí tí òfin là sílẹ̀, FIFA kò gbà kí agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni FIBA ní básíkẹ́ẹ̀tì. Bí ọmọ bá sì ti wà nínú ìwé ẹgbẹ́ kan nílé, àjọ tó ń darí básíkẹ́ẹ̀tì nílùú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé kí ó máa lọ. Ọmọ yín kò tíì pé méjìdínlógún. Ẹni tó ní òun yóò mú un lọ lóṣù tó ń bọ̀, ẹ ní kó ṣàlàyé ọ̀nà tó fẹ́ gbà.

Ẹ̀kẹta, ogún. Èyí ló ba ìyá náà lẹ́rù jù, nítorí kò rò ó rí. Ilẹ̀ ọ̀nà Badagry kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, kì í sì í ṣe ti ọmọ tó ga. Nínú Súúrà Nisaa, Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló pín ogún. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti opó tí ọkọ rẹ̀ fi ọmọ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ló ni èyí tó ṣẹ́kù nínú ilẹ̀ yìí, ọmọ ọkùnrin ìpín méjì, ọmọ obìnrin ìpín kan. Ọmọbìnrin méjì ló wà lẹ́yìn ọmọ yìí, èyí àbúrò kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. A bi ìyá pé, "Ṣé ẹ ti bi àwọn yẹn?" Èyí tó ti bàlágà lè yọ̀ǹda ìpín tirẹ̀ bó bá wù ú. Ti ọmọ kékeré, kò sí ẹni tó lè bá a yọ̀ǹda rẹ̀, àní ìyá rẹ̀ pàápàá. Súúrà kan náà kìlọ̀ pé ẹni tó bá fi àbòsí jẹ owó ọmọ òrukàn, iná ló ń jẹ sínú. Ọ̀pọ̀ wa ló ń sọ pé nítorí ọmọ ni a ṣe ta ilẹ̀, tí a gbàgbé pé àwọn tó kù náà ọmọ ni wọ́n.

Ẹ̀kẹrin, ìwé kíkà. Ara kì í pẹ́ kó tó rẹ eléré ìdárayá. Ní ọdún tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kàwé ń di ọ̀gá níbi iṣẹ́, òun ń fẹ̀yìn tì. Kí ọmọ parí ilé ìwé girama rẹ̀, kí ó parí Alùkùráánì rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ wà lókè òkun tó ń fún ọmọ tó mọ básíkẹ́ẹ̀tì gbá ní owó ìwé, ṣùgbọ́n èsì ìdánwò rẹ̀ ni wọn yóò béèrè pẹ̀lú. Ọ̀nà yẹn lọ́ra, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Hakeem gbà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ tán, ìyá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ààfáà, ẹ kò wá ní ṣàdúà ni?" A ní a óò ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ pe ọkùnrin náà. A pè é lórí fóònù lójú rẹ̀. A kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, a sì béèrè orúkọ ẹgbẹ́ àti ìwé àṣẹ rẹ̀. Ó bi wá pé ta ni wá. A ní àwa ni olùkọ́ kéú ọmọ náà. Ó ní kí àwọn ààfáà gbájú mọ́ kéú wọn. Láti ọjọ́ náà, kò gbé fóònù ìyá mọ́.

Ẹ má rò pé inú gbogbo ènìyàn dùn sí wa. Ọmọ náà ń bínú. Ó gbà pé àwa ni a ti ilẹ̀kùn mọ́ òun, kì í sì í kí wa bó bá ń kọjá lọ sí pápá nírọ̀lẹ́. A kò dá a lẹ́bi. Ọmọ tó ga tó bẹ́ẹ̀ lè dé ibikíbi, a sì ń tọrọ rẹ̀ fún un ní gbogbo ìrun. Ṣùgbọ́n ó sàn kó máa bínú sí wa ní Malu Road ju kó máa bi wá ní ìbéèrè láti Kútọnu.

A tún ṣe ohun kan. A lọ sí ilé bàbá ọmọ àkọ́kọ́, èyí tó ta dáńfó, a kó owó àdúà tí a gbà lọ́jọ́ náà padà fún un, a sì tọrọ àforíjì. Ó gbà á, ó kà á, ó fi í sápò. Lẹ́yìn náà ló ní kí á jókòó jẹun.

Nítorí náà, a ti fẹnu kò ní ilé-kéú wa: bí ẹnikẹ́ni bá pè wá sí àdúà ìrìn-àjò ọmọ, a óò kọ́kọ́ béèrè ìwé. Ẹni tí inú bá ń bí nítorí ìbéèrè, kó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ síbòmíràn. A sì ń rọ ẹ̀yin ìmáámù ràtíbì àti ẹ̀yin olùkọ́ kéú láti Apápá títí dé òpin Ajégúnlẹ̀ pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ọkùnrin kan bi Ànábì bóyá kí òun so ràkúnmí òun tàbí kí òun fi í sílẹ̀ kí òun gbára lé Ọlọ́hun. Ànábì ní kó so ó, lẹ́yìn náà kó gbára lé Ọlọ́hun. Àdúà láìbéèrè ìwé, ràkúnmí tí a kò so ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ sí ibi tí Ọlọ́hun bá gbé yín lọ. Ẹ gbá bọ́ọ̀lù yín, ẹ ṣiṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ lọ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, pẹ̀lú ẹ̀sìn láyà, láìsí owó ọmọ òrukàn nínú àpò yín.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi alùbáríkà sí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àwọn ọmọ wa. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí wọ́n bọ́ sọ́wọ́ oníjìbìtì. Kí Ó kó àwọn tó ti há sí ojú ọ̀nà padà wálé ní àláfíà. Kí Ó darí àṣìṣe àwa tí a jẹ́ olùkọ́ jìn wá, kí Ó sì fi ọmọ tó ń bínú sí wa yìí ṣe ẹni tí yóò rí oore jẹ nílé àti lókè òkun. Àmín.

Was-salaamu alaykum wa rahmatullaahi wa barakaatuh.